Èéfín Kò Rí Èémí Mi Gbà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná kí n tó sọ ohunkóhun.

Haaa!

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kò sí súfèé kankan nínú rẹ̀. Ọlọ́run ọ̀run, ọmọbìnrin rẹ ti dé pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹ bá mi pè é ní Olóore! Ẹ tún un pè. Olóore! Ẹ ṣeun, ẹ jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ dun ẹnikẹ́ni nítorí tèmi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí dáadáa, èmi ni Ìyá Ṣeun, ìyàwó Bàbá Ṣeun apẹja, láti Abereke. Igbókòdá ni wọ́n bí mi sí, nítòsí èbúté, ọkọ ló gbé mi dé etí òkun. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń la inú ẹja, ká má tíì sọ pé kí n yan án. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ìyé ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Àwọn nìyẹn lórí àga iwájú, tí wọ́n wé gèlè funfun. Ìyé, ẹ kú ìjókòó, ma.

Iṣẹ́ ẹja yíyan kò le lójú ẹni tó ń wò ó. Bí àwọn ọkọ wa bá ti òkun dé, a ó fọ ẹja, a ó tò ó sórí àwọ̀n irin tó wà lẹ́nu àgbá, a ó ti igi ẹ̀gbà bọ abẹ́ rẹ̀, igi tó ń hù lẹ́bàá omi iyọ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóná. Igi yẹn kì í sábà gbẹ tán. Èéfín rẹ̀ ló ń mú kí ẹja pọ́n. Àhéré tí a ti ń yan án kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, òrùlé rẹ̀ sì ti dú bí ìdí ìkòkò. Inú ibẹ̀ ni a ń jókòó sí láti àárọ̀, tí a ń yí ẹja padà. Ojú wa á pọ́n, imú wa á máa ṣomi, a ó fi etí ìró nù ún, iṣẹ́ á sì máa lọ. Inú èéfín yẹn ni àwọn ọmọ mi ti rí ilé ìwé lọ. Mi ò ní bú u.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí òkun, ẹ mọ iná gáàsì tí àwọn tó ń wa epo rọ̀bì dá sójú omi lọ́hùn-ún, iná tí kì í kú tọ̀sán tòru. Tí afẹ́fẹ́ bá gbé e kọjú sí wa, òórùn rẹ̀ á bá wa nídìí oúnjẹ. Omi òjò tí a bá gbà sínú ike á ní ẹ̀gbin dúdú lójú. Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, oníkálukú á tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ilé orí òpó ni tiwa, ilé fara kan ilé. A kì í kà á sí nǹkan kan. A máa ń sọ pé èéfín kì í pa ará omi.

Ha! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí o.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, sísín ni mo kàn ń sín. Ojú á máa yún mi, imú á dí. Mo ní òtútù ni. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ gbígbẹ dé, ikọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ wá mú, tí eruku bo ojú ọ̀run, tí wọ́n ń sun igbó kiri ní apá òkè odò, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo lè dúró báyìí kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa gbọ́ ọ, fíì, fíì, bíi pé ẹyẹ kan kọ́ ìtẹ́ sí mi láyà. Tó bá wá gbóná sí i, ńṣe ló dà bíi pé ihò abẹ́rẹ́ ni mo fi ń mí. Èémí á wọlé díẹ̀, kò ní fẹ́ jáde. Mo máa ń dìde jókòó lórí ibùsùn, màá na ọwọ́ méjèèjì sórí eékún, ọkọ mi á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi lójú. Bàbá Ṣeun, Olúwa á san án fún yín. Ọkùnrin tó bá òkun jà láti ìdájí, tó tún wá jókòó ti aya rẹ̀ tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kò pọ̀.

Ẹ mọ ẹnu ayé. Àwọn kan ní aráyé ló na mí lójú àlá. Àwọn kan ní ikọ́ ife ni, ikọ́ tí ń ran ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará, èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ni mí! Oníbàárà mi kan tó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti gbé Ṣeun pọ̀n, ó wá lọ́jọ́ ọjà, ó gbé ẹja, ó ń wò ó. Ni ikọ́ bá gbé mi. Ó rọra dá ẹja náà padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Kò bú mi o. Ọwọ́ tó nù mọ́ ìró yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo gbé ẹja mi padà sílé lọ́jọ́ náà, ẹja tó pọ́n dáadáa, tí kò ní àbùkù kankan, mo sì sunkún.

Kí ni mi ò lò? Mo mu àgbo. Mo lá oyin. Mo fi òrí para láyà. Ẹnìkan tún ní kí n sun ewé báyìí báyìí, kí n da aṣọ borí, kí n máa fa èéfín rẹ̀ símú. Mo ṣe é! Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, èéfín ni mo fi ń wo ohun tí èéfín fà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé mi jáde lábẹ́ aṣọ yẹn bí ẹja tí wọ́n fà sókè látinú omi ni.

Mo wá bá Alàgbà wa níbí. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi, pé mi ò fẹ́ kú kí n fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Ẹ ò rí àdúrà! Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, mo rò pé wọ́n máa ní kí n gbààwẹ̀. Wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, “Ìyá Ṣeun, ẹ ti lọ rí dókítà?”

Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Tí wọ́n bá ní ikọ́ ife ni ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ òun ni, ó ní oògùn. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ ó mọ ohun tó jẹ́. Ọlọ́run tó dá imú yín ló dá ọpọlọ dókítà. Ẹ lọ. Àdúrà tí a gbà yìí á ṣáájú yín débẹ̀.”

Èmi àti Bàbá Ṣeun bá múra ìrìn àjò Igbókòdá. Ìyé kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, “Ṣé èmi náà kì í húkọ́ ni? Ta ni kì í húkọ́ létí òkun?” Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀kọ fún wa, wọ́n sì sìn wá dé èbúté. Ẹ wá wò ó, bí a ṣe ń sáré lórí afárá pákó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń ṣí. A pariwo, a ju ọwọ́, wọn ò gbọ́. Inú bí mi! Mo ní, ṣé irú oríire tèmi nìyí? Ará, mo ráhùn sí Ọlọ́run níbẹ̀ o. Mo ní, Bàbá, ìwọ tí a gbàdúrà sí, o ò lè dá ọkọ̀ dúró fún mi.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀ láìpẹ́.

A wọ ọkọ̀ kejì. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ilé ìwé lọ́dọ̀ wa, Tíṣà Fúnmi, òun náà sáré wọlé nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A kí ara wa. Ọkọ̀ gbéra, ó ń lọ geere. Ọyẹ́ ṣú dùdù tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí etí odò kejì dáadáa, òórùn igbó tí wọ́n ń sun sì kún ojú omi. Mo fi ìborùn bo imú. Nígbà tó yá, níbi tí odò ti fún, ojúoró ti bo gbogbo ibẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà mọ bí ewé yẹn ṣe máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Abẹ ẹ́ńjìnnì wa wé mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ àti àlòkù àwọ̀n kan. Gàgàgà, ó kú.

Ọlọ́kọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó gé e, ó tún ti abẹ rẹ̀ bọ omi, ó fà á. Kò dáhùn. Ó tún fà á. Ìgbà tó máa dáhùn, èéfín dúdú ló tú jáde, èéfín pẹtiróòlù àti ọ́ìlì, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e lọ. Orí wa ló dúró sí.

Ibẹ̀ ni èémí mi ti dí.

Mo ti ní in tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀. Súfèé àyà mi gan-an dákẹ́. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó wọlé. Mo fẹ́ pe orúkọ Jésù, ẹnu mi ń mì, ohùn kò jáde. Mo gbọ́ Bàbá Ṣeun lókèèrè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká mi. Ó ń sọ pé, “Ìyá Ṣeun, mí! Jọ̀ọ́, mí! Ẹ bá mi sọ fún un kó mí!” Àwọn èrò ń ké. Ẹnìkan ń da omi sí mi lórí. Mo rí ojú àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, mo ráhùn sí ọ láàárọ̀, má fi ìyẹn gbá mi mú.

Ni mo bá gbọ́ tí Tíṣà Fúnmi jágbe mọ́ ọlọ́kọ̀. “Pa ẹ́ńjìnnì yẹn! Pa á! Èéfín rẹ̀ ló ń pa á! Ẹ mú àjẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ kúrò nínú èéfín yìí!”

Ọlọ́kọ̀ pa á. Àwọn ọkùnrin mú àjẹ̀, ẹni tí kò rí àjẹ̀ ń fi ọwọ́ wa omi. Tíṣà yìí tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó yọ nǹkan búlúù kékeré kan, ó mì í, ó sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

Ó ní, “Màmá, ẹ wò mí lójú. Ojú mi ni kí ẹ máa wò. Ẹ la ẹnu. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á wọlé, kí ẹ sé e mọ́nú.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i fà dáadáa. Ó ní, “Ẹ má bẹ̀rù, a ó tún un ṣe.” Ó tún un tẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ìgbà tó yá, nǹkan kan ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àyà mi. Díẹ̀. Ìwọ̀nba bí ẹni ṣí fèrèsé kí ó lè yọjú. Lẹ́yìn náà ó tún ṣí sí i. Súfèé yẹn padà dé, ẹ wò ó, inú mi dùn sí súfèé! Mo fa afẹ́fẹ́ símú, ó wọlé, ó jáde. Bàbá Ṣeun gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ó ní kí n má sọ èyí fún ìjọ. Mo ti sọ ọ́.

Ìgbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi Tíṣà Fúnmi pé, “Kí ni nǹkan yìí?”

Ó ní, “Ínhélà ni, Màmá. Ásímà ń ṣe èmi náà láti kékeré.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí n wọ̀? Mo ti débẹ̀, mo ti jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo gbàgbé ínhélà yìí sílé. Mo bọ́ sílẹ̀, mo padà lọ mú un. Inú ń bí mi ni mo fi wọ ọkọ̀ yìí.”

Halelúyà! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Inú ń bí èmi, inú ń bí òun, Ọlọ́run sì ń tò wá sórí pákó kan náà! Ká ní a bá ọkọ̀ àkọ́kọ́, ta ni ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Láti ọjọ́ náà, tí ọkọ̀ bá fi mí sílẹ̀ lọ, ọwọ́ ni mo máa ń jù sí i. Mo ní, máa lọ, ó dàbọ̀.

Wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kúrò nínú ojúoró kí wọ́n tó tún tan ẹ́ńjìnnì. A dé Igbókòdá, wọ́n sáré gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fi nǹkan kan bò mí nímú tó ń tú ìkuukùu oògùn jáde, mò ń fà á títí àyà mi fi balẹ̀. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà tó tọ́jú mi, ọmọbìnrin ni, ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kò kéré. Ó fa àga, ó jókòó tì mí.

Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ikọ́ ife. Kò sí ẹni tó lè kó o lára yín. Ásímà ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fée.”

Ẹ̀yin ará, mo kọ́kọ́ jó lórí bẹ́ẹ̀dì! Ó ní kí n rọra. Ó wá ní kí n sọ bí mo ṣe ń gbé fún òun, iṣẹ́ mi, ilé mi, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń mi orí.

Ó ní, “Ẹ wo odò tí ẹ gbà kọjá láàárọ̀ yìí. Ọ̀nà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojúoró mú kí ó fún. Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú yín náà nìyẹn. Èéfín igi, èéfín pẹtiróòlù, eruku ọyẹ́, ẹ̀gbin iná gáàsì, gbogbo wọn ní nǹkan wínníwínní tí ojú kò lè rí. Tí ẹ bá fà wọ́n símú, wọ́n á lọ jìnnà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ara yín á rò pé ọ̀tá dé. Inú ọ̀nà yẹn á wú, á pọ́n, á máa sun kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àwọn iṣan tó yí i ká á sì fún un pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èémí kì í fi í rí ọ̀nà.”

Mo ní, “Ṣé èéfín ẹja yíyan ló fi í sí mi lára?”

Ó ní, “Mi ò lè sọ pé èéfín nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín, kó máa sùn. Ṣùgbọ́n èéfín ló ń jí i, èéfín ló sì ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá lo oògùn lónìí tí ẹ sì padà sínú àhéré yẹn lọ́la, ẹ ń bu omi sínú agbọ̀n ni.”

Ó fún mi ní ínhélà oríṣi méjì. Ó ní ọ̀kan ni kí n máa fà lójoojúmọ́, kódà tí ara mi bá yá, òun ló ń mú wíwú inú yẹn rọlẹ̀. Èkejì, èyí tó dà bíi ti Tíṣà, fún ìgbà tí èémí bá fẹ́ dí. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ nílé pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ínhélà, ó ti wọ ẹgbẹ́ òkú nìyẹn. Irọ́ ńlá ni o! Èmi rèé. Ẹ wò mí dáadáa.

Mo padà délé. Mo rò pé ogun ti parí. Ìgbà tí mo sọ fún Ìyé pé dókítà ní kí n jáde kúrò nínú èéfín, ojú wọn yí padà.

Wọ́n ní, “Èéfín tí ìyá mi fi tọ́ mi? Èéfín tí mo fi tọ́ ọkọ rẹ? Òun lo wá sọ di májèlé lójú mi?”

Mo ní, “Ìyé, ẹ má bínú. Kì í ṣe yín ni mò ń bá wí.”

Wọ́n ní, “Jókòó síta. Èmi á yan ẹja náà fúnra mi.”

Wọ́n sì ń yan án lóòótọ́, àwọn nìkan, nínú àhéré. Èmi ń ta ẹja tútù níta, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń húkọ́ nínú lọ́hùn-ún, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó le o. Ìyá tó fi mí ṣe ọmọ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo máa ń gbàdúrà pé, Olúwa, o ti fún mi ní èémí, má gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú ilé, mò ń ya ìpẹ́ ẹja. Mo gbọ́ tí àwo kan bọ́ nínú àhéré. Mo gbójú sókè. Ìyé ni. Wọ́n di òpó ẹnu ọ̀nà mú, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Mo mọ èjìká yẹn. Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sáré dì wọ́n mú. Ojú wọn ti là rekete, wọ́n ń wò mí bíi pé wọn kò rí mi rí.

Ohun tó jáde lẹ́nu wọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Wọ́n ní, “Ọma mi… ṣé bó ṣe ń… ṣe ọ́ nìyí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mo gbé wọn jìnnà sí èéfín, sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń bọ̀. Mo mú wọn jókòó, mo ní kí wọ́n fara tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo mú ínhélà mi, mo ṣe bí Tíṣà ṣe ṣe fún mi. Mo ní, “Ìyé, ojú mi ni kí ẹ máa wò.” Ìgbà tí wọ́n rí èémí díẹ̀, a gbé wọn sínú ọkọ̀, ó di Igbókòdá. Ọ̀dọ̀ dókítà kan náà ni. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi, pé èéfín ọdún pípẹ́ ti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wọn gbó. Ó ní òun kò lè dá a padà sí ti ìgbà ọmọge, ṣùgbọ́n oògùn wà tó máa mú kó tù wọ́n, tí wọ́n bá yàgò fún èéfín.

Ìyé ní, “Ta ló ń wá ọmọge? Ọkọ mi ti kú.” Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí Ìyé ṣe nígbà tí a padà délé? Wọ́n sinmi títí ara wọn fi le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Bàbá Ṣeun gbé àdá wá. Mo rò pé igi ni wọ́n fẹ́ kó gé. Wọ́n lọ síwájú àhéré yẹn, àhéré tí ìyá ọkọ tiwọn kọ́, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gé okùn òpó àkọ́kọ́. Wọ́n wá dá àdá padà fún un. Wọ́n ní, “Ó yá, wó o.” Wọn ò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Wọ́n pe àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní àdúgbò wa jọ. Ká ní èmi ni mo pè wọ́n, ta ló máa dá mi lóhùn? Ṣùgbọ́n Ìyé ló kọ́ ìdajì wọn níṣẹ́. Wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n sọ tèmi. Ẹnìkan bá ní ọmọbìnrin òun náà máa ń súfèé láyà. Òmíràn ní òun kì í lè sùn nígbà ọyẹ́. A wá rí i pé a pọ̀. Oníkálukú kàn ń fi tirẹ̀ pamọ́ ni, kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́.

Àwọn ọkùnrin bá wa kọ́ ààrò tuntun sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun á máa gbé èéfín lọ sórí irà, tí kò ní gbé e wọ ilé ẹnikẹ́ni. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi páànù ṣe ihò èéfín tó ga sókè. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dáná sí i, ó sì ba ẹja jẹ́. Àwọn kan ní ṣé ẹ rí i? Ìyé ní kí wọ́n tún un mọ. Èkejì dúró. A ń sá igi báyìí kó gbẹ kí a tó fi dáná, èéfín rẹ̀ kò pọ̀ bíi tàtijọ́. A kì í jókòó tì í mọ́, ìta la ti ń yí ẹja padà, ẹni tó ń súfèé láyà láàárín wa kì í tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Èmi ń gba ẹja, mò ń fọ̀ ọ́, mo sì ń tà á. Oníbàárà tó gbé ẹja mi sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà yẹn ti padà wá. Mo fi ẹja kún ẹja fún un.

Mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run pé gbogbo nǹkan ti tán. Iná gáàsì yẹn ṣì ń jó lójú omi. Àwọn àgbà ìlú wa ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa tì wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú àdúrà, kí a má sì dákẹ́. Aládùúgbò wa kan kò tíì gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé wa. Ó wà nínú ìjọ lónìí, mi ò dárúkọ. Ọ̀gá, a ti bá yín ṣe pèpéle rẹ̀ sí ọ̀hún o. Inú mi á dùn tí ẹ bá gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó kọjá yìí, èyí tí gbogbo èèyàn sọ pé ó le jù, kò gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mò ń fa oògùn mi ní àràárọ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Mo sùn, mo jí. Tíṣà Fúnmi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ó wá bá mi dúpẹ́ lónìí. Ẹ bá mi kí i! Alàgbà wa, ẹ ṣeun tí ẹ kò kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí ẹ tún tì mí sọ́nà. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń súfèé láyà, tí ẹ ń fi pamọ́, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkọ̀ wà, ọ̀nà wà, oògùn wà, Ọlọ́run sì wà.

Ó yá, ohun tó kù ni kí a fi ògo fún… Ha! Ẹ wò ó! Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi, Ìyé ti dìde. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyé, ẹ rọra o! Wọ́n ní àwọn ò rọra. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin, ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà dá jó. Ẹ dìde, gbogbo ilé, ẹ bá wa yọ̀. Ìyé, mò ń bọ̀, ẹ dúró dè mí!